Ọjọ́ Tí Ó Sọnù Nínú Ẹ̀rọ

Èmi ni mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, ní Gbaffo. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yọ́ lọ fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Kò dà mí láàmú, nítorí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá ṣáájú ni ó ni ilẹ̀, ọjọ́ tèmi sì wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, tí adájọ́ ní kí a mú ẹ̀rí ọjọ́ wá, mo lọ sí ilé iṣẹ́ ilẹ̀. Obìnrin akọ̀wé tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà sọ fún mi pé wọ́n ti da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tó dà wọ́n kọ kò pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ọjọ́ àtijọ́ bá wọn lọ. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn ni ó lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn lára. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi di ẹni tó dé lọ́jọ́ kan náà.

Mo bi í pé, "Màdáàmù, bí a bá kó iṣu láti abà àtijọ́ lọ sí abà tuntun, ṣé ọjọ́ tí a kó o ni a wa á?"

"Rárá, Bàbá. Ìwé tí wọ́n fún yín ńkọ́?"

Ojú tì mí. Bí a ti ń fi àgbàdo irúgbìn kọ́ sókè ààrò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ni mo ṣe fi ìwé náà kọ́ síbẹ̀. Kòkòrò kò jẹ ẹ́ lóòótọ́. Èéfín ni ó sọ ọ́ di dúdú. Orúkọ mi ṣì hàn díẹ̀, ọjọ́ kò hàn rárá.

Ó mú mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀rọ àtijọ́ wà lábẹ́ páànù tó ń jò. Ó tan án. Ó pẹ́ kí ó tó jí. Mo rò pé ó ti kú, ilẹ̀ bàbá mi sì ti bá a kú. Nígbà tó yá, ó jí, màdáàmù sì fi ìka tọ́ka sí i: orúkọ mi, àti ọjọ́ mi gan-an.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ fún mi. Ó ní òun kò ní àṣẹ. Ọ̀gá wọn gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i, ọ̀gá sì wà lẹ́nu ìrìn àjò. Ó pa ẹ̀rọ náà.

"Ṣé yóò tún jí?"

"Ẹ gbàdúrà kí òjò má pọ̀ jù, Bàbá."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè. Màdáàmù gbà kí n fi ọ̀rá tí mo fi ń bo ẹ̀pà bo ẹ̀rọ náà. Láràárọ̀ ni mo ń fi oko sílẹ̀ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Lánàá, mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó sì béèrè bóyá ọ̀gá ti dé. Mo jókòó tì í. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde kúrò níbẹ̀ nínú wa.