Ẹlẹ́ja Tó Ń Pe Mummy Wa Ní Arẹwà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Castleridge lókè òkun níbi tí òtútù pọ̀ sí, kò sí ọmọ tó rẹwà tó mi ní gbogbo àdúgbò yẹn. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ẹlẹ́ja ará Ṣáínà tá a máa ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Saturday ló sọ ọ́. Bó bá ti rí mi báyìí, "Shuaige!" Ó ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n tó rẹwà. Mummy ní tiwọn, "Meinü" ló ń pè wọ́n, ìyẹn arẹwà obìnrin. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fi Vaseline kun ojú títí á fi máa dán bíi dígí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí apá Northeast ìlú wa yẹn nígbà tí owó oil já wálẹ̀, ẹ mọ bí ilé ṣe rí. Wọ́n ti lay off Daddy wa. Inú basement ni wọ́n máa ń jókòó sí, sweater méjì lọ́rùn. Ẹni bá fọwọ́ kan thermostat tá a fi ń mú ilé gbóná, ó gba ìgbátí nìyẹn. Ta ló fẹ́ ráyè pe Mummy ní arẹwà nínú òtútù yẹn? Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, ojú á ti wú fún àìsùn. Ṣùgbọ́n tá a bá ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja dé, orin ni wọ́n á máa fi fọ ẹja.

Lọ́jọ́ kan, Daddy bi wọ́n pé kí ló ń dùn mọ́ wọn. Mummy ròyìn meinü. Daddy ní kí ẹnikẹ́ni má débẹ̀ mọ́.

Ta ni yóò wá máa pe èmi ní shuaige? Mo ní, "But Daddy, you haven't even met him." Wọ́n wò mí, mo yáa sá sẹ́yìn Mummy. Mummy kàn ní kí wọ́n tẹ̀ lé wa lọ wò ó.

Ní Saturday, suit interview ni Daddy wọ̀, pẹ̀lú táì, nínú snow. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù bíi lọ́yà. Ẹlẹ́ja gbójú sókè: "Shuaige!" Mo ti fẹ́ dáhùn, àṣé Daddy ló ń pè. Daddy fọwọ́ tún táì ṣe. Gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n kó wá, wọn ò rántí ọ̀kan mọ́. Tilapia tó tóbi jù ni wọ́n ní kó mú.

Ibi tó ti ń gé e, màmá àgbà kan ti walker tí wọ́n fi ń rìn wọlé, kò sí eyín lẹ́nu. Ẹlẹ́ja ní, "Meinü, one minute." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa.

Nínú mọ́tò, Daddy ní, "Àṣé gbogbo ayé ló ń pè bẹ́ẹ̀."

Mummy ní, "Daddy Túndé, gbogbo obìnrin tó bá ti dàgbà lẹ̀yin náà ń pè ní mummy. Ṣé gbogbo wọn ló bí yín ni?"

Daddy bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tá a ti gbọ́ irú ẹ̀. Nígbà tá a délé, wọ́n ní kí Meinü lọ jókòó, àwọn làwọn máa fọ ẹja. Kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, wọ́n fọwọ́ ara wọn yí thermostat sókè.

Nísinsìnyí, Daddy ti ríṣẹ́, a ti kó lọ sí àdúgbò Cornerstone, ilé ń gbóná bó ṣe yẹ. Orí fóònù la ti ń ra ẹja. Àwọn tó ń kó o wá á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sá lọ, wọn ò ní pe ẹnikẹ́ni ní arẹwà. Daddy ṣì ń pe Mummy ní Meinü láràárọ̀. Èmi ni kò sẹ́ni tó ń pè ní shuaige mọ́. Ẹwà mi kàn ń ṣòfò nínú ilé ni.