Òpómúléró àti Ìdí Ìkòkò

Òpómúléró ni wọ́n ń pè é nínú kòtò èédú tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òun ló ń ri òpó igi sábẹ́ àjà kí òkúta má baà wó pa àwọn tó ń gẹ́ èédú. Èèyàn kékeré ni, àmọ́ agídí rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Èédú ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín òkúta òkè àti tìsàlẹ̀, kò ga kọjá ìbàdí, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń gẹ́ ẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ àjà, á fi ẹ̀yìn díígà gbá a. Bó bá dún kó, ó le. Bó bá dún bí agolo òfìfo, kó sá. Àfi ohun tí wọ́n ń pè ní ìdí ìkòkò nìkan ni ìyẹn kò ràn. Ìdí igi ayé àtijọ́ ni, tó ti di òkúta sínú àjà, tó ku òrùka dúdú roboto téèyàn ń rí. Bó o bá gbá a, á dún kó. Kì í ké, kì í sán, á kàn já ni.

Lọ́jọ́ ọ̀hún, òrùka dúdú wà lókè orí àbúrò Òpómúléró, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, níbi tí èédú ti nípọn jù. Ó ní kó jáde kí òun ri òpó. Àbúrò ní òun ti gbá a, ó le, àti pé ojo ló sọ ẹ̀gbọ́n òun di ẹni tó ń gbé igi kiri. Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ. Àbúrò fi ẹsẹ̀ kejì gbá a lẹ́nu, eyín fò yọ. Díígà tẹ̀ lé e, ó ya á létí. Wọ́n ń jà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, orí wọn ń kọlu àjà tí ikú wà nínú rẹ̀, títí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n fi ba òòlù.

"Ṣé o ò ní jáde?"

"Mi ò jáde. Kí lo máa ṣe?"

Àbúrò kò fi "ẹ" bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n fi òòlù fọ́ orúnkún rẹ̀, ó sì wọ́ ọ síta tòun tigbe. Òun náà ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló padà lọ ri òpó sábẹ́ òrùka náà.

Ẹsẹ̀ kò nà mọ́. Òkúta kò já. Ìyàwó àbúrò ń pè é ní apànìyàn lójú gbogbo ayé, ìyá wọn kì í wo ojú rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń lọ wo òrùka yẹn. Ká má parọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó já.

Ọjọ́ kan ni àbúrò fìdí wọ́ wọ inú kòtò.

"Ẹ yọ òpó yẹn, kí n fojú ara mi rí i."

Òpómúléró na ọ̀pá gígùn láti ọ̀nà jíjìn, ó ti òpó náà ṣubú. Òkúta dúró. Òógùn bo Òpómúléró. Àbúrò ń ya ẹnu láti sọ̀rọ̀ ni òkúta bá já wòó, ilẹ̀ mì, eruku bo iná àtùpà orí wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ojú ríran, òkúta náà jókòó gẹ́lẹ́ síbi tí àyà àbúrò máa ń wà bó bá ń gẹ́ èédú.

Òpómúléró gbọ́ tẹ́nì kan ń rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ni, kò sì lè dákẹ́.

Àbúrò wo òkúta, ó wo ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ jàre," ó ní. "Ẹ má wá sílé mi mọ́."

Ó yí padà, ó ń fìdí wọ́ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.