Irin Ẹsẹ̀ àti Ẹ̀rọ Ìjọba

Irin tí mo fi ń rìn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kí n tó mọ̀ pé mo ní ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn kan fún mi ní irin nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n ara mi ń dàgbà, irin náà kò dàgbà, mo bá padà sí wíwọ́ lórí ilẹ̀. Nígbà tí mo di géńdé, mo tú irin ọmọdé yẹn palẹ̀ sórí ẹní kí n lè mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé irin lásán ni. Ọ̀pá méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ní inú ẹsẹ̀, ọ̀kan ní òde, láti itan títí dé gìgísẹ̀. Irin gidi ti wúwo jù. Férémù wíńdò àtijọ́ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ló dára. Ọ̀dọ̀ Hausa kan tó ń rán bàtà lọ́jà Kàbà ni mo ti ń ra awọ: awọ ewúrẹ́ ní inú nítorí pé ó rọ̀, awọ màlúù ní òde, fóòmù ìjókòó ọ̀kadà láàárín. Ṣùgbọ́n orúnkún gan-an niṣẹ́ wà. Ó gbọ́dọ̀ ká nígbà tí ènìyàn bá jókòó, kò sì gbọdọ̀ ká nígbà tó bá dìde. Òrùka kékeré kan ló ń ṣe é. Bí o bá na ẹsẹ̀, òrùka náà á já bọ́ sórí oríkèé, á sì tì í pa títí o ó fi tún fi ọwọ́ gbé e sókè. Mo lo ọdún púpọ̀ kí òrùka mi tó mọ ìgbà tó yẹ kó já.

Nígbà tó yá, àwọn mìíràn ń wá láti Ìyárá àti Makutu pé kí n ṣe tiwọn. Ìṣòro mi kan ṣoṣo ni ihò. Ìṣó àti òòlù ni mo fi ń lu ihò sára ọ̀pá. Bí ènìyàn bá lu alumíníọ̀mù bẹ́ẹ̀, á sán díẹ̀ ní etí ihò náà, ojú kò sì ní í rí i. Aránṣọ kan wà ní Ìyàmoyè, ọ̀dọ́bìnrin tí àrùn kan náà mú. Irin tí mo ṣe fún un ṣẹ́ lórúnkún nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọpẹ́ ni pé egungun rẹ̀ kò ṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pé kí n má ṣe dààmú, pé òun á dúró dè mí títí n óò fi ṣe òmíràn tó dára. Orí ilẹ̀ ló ti ń dúró.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí rédíò kéde pé ìjọba ya owó sọ́tọ̀ fún àwa akanda ẹ̀dá tó ní iṣẹ́ ọwọ́, pé ẹ̀rọ iṣẹ́ ni wọn yóò fi ràn wá lọ́wọ́. Mo ti ka òfin tó kàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo mọ abala tó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àti èyí tó sọ̀rọ̀ nípa àtẹ̀gùn ilé ìjọba, mo sì ń ṣàlàyé wọn nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa láìsinmi. Alága wa, afọ́jú tó ń hun apẹ̀rẹ̀, sọ pé bí mo bá ti dé orí abala kejì, òun a máa sùn, kò sì sẹ́ni tó ń mọ̀, nítorí ojú òun kò yàtọ̀. Mo bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ ìwé tiwọn. Nínú tèmi, ẹ̀rọ tí ń lu irin níhò ni mo béèrè, irú èyí tó ń dúró lórí tábìlì, tí ẹnu rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ tààrà láì yẹ̀.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Kàbà. Àtẹ̀gùn gíga ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì ní ibi ìdìmú. Mo gùn ún láì di ẹnikẹ́ni mú. Obìnrin kan tí wọ́n rán wá láti Lọ́kọ́ja ń wò mí láti orí àga rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kó wọn wá?"

Mo sọ fún un pé mo wà lára wọn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀pá, awọ àti òrùka fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó tilẹ̀ fi ìka kan òrùka náà. Lẹ́yìn náà ó sọ pé iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n abẹ́ àwọn tí kò lè rìn ni orúkọ mi wà, òun sì ti rí i pé mò ń rìn.

"Irin yìí ló jẹ́ kí n máa rìn, Màdáámù."

"Ẹ lọ bọ́ ọ, nígbà náà. Kí ẹ padà wọlé bí ẹ ṣe rí gan-an."

Mo ní bí mo ṣe rí gan-an nìyí. Kò bínú. Ó sọ pé òun gbà, pé àwọn tó wà lókè òun ni kì í ka àlàyé, fọ́tò ni wọ́n ń wò.

Mo jáde lọ bá alága wa àti ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyé, lábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ń dúró. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, alága rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo wá sí ibi àánú bí ọkọ ìyàwó," ó wí. "Èmi, ìgò ojú dúdú mi pàápàá, ilé ni mo fi í sí, kí wọ́n lè rí ibi tí ojú wà tẹ́lẹ̀."

Mo ní n kò ní í bọ́ ọ. Alága dáhùn pé kò burú, kí n lọ bá ìṣó àti òòlù mi. Mo kọjú sí Ìyé. Ìyé yìí ló pọ̀n mí lọ sílé ẹ̀kọ́ títí àwọn obìnrin fi ń bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Mo retí pé yóò ní ká máa lọ sílé.

"Ṣé ilẹ̀ ò mọ̀ ọ́ mọ́ ni?" ó wí. "Ilẹ̀ ló wò ọ́ dàgbà. Lọ kí i, kí o padà wá."

Mo ronú kan aránṣọ Ìyàmoyè. Mo jókòó, mo tú awọ ìdè náà. Ìyé gba irin lọ́wọ́ mi, ó fi gèlè rẹ̀ wé e, ó sì kọjú sí ara igi. Alága bọ́ sálúbàtà rẹ̀ fún mi kí n fi ọwọ́ wọ̀ ọ́, ó ní kí n dá a padà o, pé ẹsẹ̀ tòun ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ara kì í gbàgbé. Ìbàdí mi mọ bí yóò ṣe yí, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń wọ́ tẹ̀lé mi, àtàǹpàkò rẹ̀ kọjú síta bíi ti àtijọ́. Láti ilẹ̀, bàtà ni gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo dé iwájú tábìlì, ohùn obìnrin náà ti yí padà. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọ tó ṣubú sọ̀rọ̀. Ṣáájú, "ẹ" ló ń pè mí.

"Pẹ̀lẹ́," ó wí. "Dúró níbẹ̀, kí wọ́n ya ọ́."

Wọ́n ya mí. Ó sọ pé orúkọ mi ti wọlé, ṣùgbọ́n àwọn alábẹ̀wò yóò máa wá láì kéde, ẹni tí wọn kò bá sì bá bó ṣe wà nínú fọ́tò, wọn yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀rọ náà dé, ojúlówó sì ni. Ihò àkọ́kọ́ tí mo lu, mo gbé e sójú oòrùn, mo yí i títí. Etí rẹ̀ mọ́ roboto, kò sán níbì kankan. Èèpo alumíníọ̀mù ń ká jáde bí èèpo iṣu tí ọ̀bẹ mímú ń bẹ. Ní ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò kọ́kọ́ dé, orí ilẹ̀ ni wọ́n bá mi, tí mò ń wá nọ́ọ̀tì irin kan tó já bọ́, ṣòkòtò sì bo irin ẹsẹ̀ mi. Wọ́n yìn mí, wọ́n ya mí, wọ́n lọ. Lẹ́yìn wọn, mo bọ́ irin náà. Ká ní wọ́n tètè dé díẹ̀, orí ìdúró ni wọn ì bá bá mi.

Láti ìgbà náà, irin mi wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọkọ̀ kì í dá níbẹ̀, n kò sì lè mọ èyí tó gbé àwọn alábẹ̀wò. Mo máa ń fi òrí pa awọ rẹ̀ kó má baà gbẹ. Mo wá inú òfin títí bóyá mo lè rí abala tó sọ pé ẹni tó ń fi irin rìn kò tíì di ẹni tó lè rìn. Mo rí i. Abala náà wà, ó sì yé mi dáadáa, ṣùgbọ́n fọ́tò mi ló wà lọ́dọ̀ wọn.

Aránṣọ Ìyàmoyè àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wá gba irin tuntun láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Ó wọ̀ ọ́, ó dìde. Ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa, "Okun o," ó sì ń wo ibi tí ojú mi máa ń wà tẹ́lẹ̀ kó tó wolẹ̀ wá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín dà?"

Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó bi mí bóyá ó ti ṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ kan òrùka orúnkún rẹ̀.

"Èmi náà béèrè ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ wọn," ó wí. "Ṣé kí n lọ kan ìṣó tèmi náà ni?"

Mo ní kó máa wọ̀ ọ́. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi irin tuntun sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, iwájú rẹ̀ ni mo máa ń wà, tí mo ń fi ẹ̀yìn rìn, kó lè rí èjìká dì mú. Mo nawọ́ láti gbé irin mi. Ọkọ̀ kan ń rọra bọ̀ lórí kọ́nà. Mo fi irin náà sílẹ̀. Ọkọ̀ náà kọjá, iṣu ló kó, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, àbúrò ló wà níwájú.

"Jẹ́ kí ẹsẹ̀ irin máa ṣíwájú!" mo pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Má wo ilẹ̀!"

Koríko bo orúnkún rẹ̀ lójú mi. Láti ibi tí mo jókòó sí, orí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, ó ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Bí orí náà ṣe ń sọ̀, ó jọ pé gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń fẹ́ kí n fi awẹ́ táyà kan gbé e sókè. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn, àfi kí n bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó mọ̀.