Bàbá Sàlíù àti Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Dí

Ọjọ́ tí mo ní kí Bàbá Sàlíù gba orí títì ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé títí màá fi kú.

Wọ́n ti fi kọnkéré ya ọ̀nà tóóró kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa ní Mowé, fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Inú ọ̀nà náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ni mo máa ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ń tà sí. Ibẹ̀ sì ni Bàbá Sàlíù, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìbàfò, máa ń gbà láràárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún ọjà yín díẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ gba orí títì lónìí. Oníbàárà wà lọ́wọ́ mi."

Kò bá mi jà. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ́ sórí títì, ó gùn ún. Kò tíì kọjá ṣọ́ọ̀bù mi tán tí ọkọ̀ oníyanrìn fi kọlù ú láti ẹ̀yìn. Mo figbe ta, mo sáré lọ gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi. Mo pè é títí, kò dáhùn. A gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún.

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò fi í sílẹ̀ sójú títì, Ìyá Bọ́lá."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n "Ẹ pẹ̀lẹ́" ni mo sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kó ọjà mi kúrò nínú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà. N kò tíì sọ òótọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Bí a bá pàdé, ó ṣì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.