Omi Àlùwàlá Nídìí Róòsì

Nígbà tí Màmá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà, mo ra róòsì kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo gbìn ín sínú ìkòkò sìmẹ́ǹtì níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n máa ń jókòó sí, kí wọ́n lè rí nǹkan mìíràn wò yàtọ̀ sí ògiri aládùúgbò. Ọjọ́ máa ń gùn fún ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, tí kò wá ní ìsọ̀ mọ́.

Nígbà tí róòsì náà kọ́kọ́ tanná, pupa fòò, wọ́n fi ìka méjì pa á wò bí wọ́n ṣe máa ń yẹ aṣọ wò níjọ́sí.

"Ojúlówó ni. Èyí ò ní ṣí."

"Màmá, fúláwà ni, kì í ṣe àǹkárá."

"Ṣé mo ní kí o rà á ni?"

Lẹ́yìn ìyẹn, kò tanná mọ́. Á rudi, ṣùgbọ́n kí ìrudi náà tó là, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀, á dúdú, á sì já bọ́. Mo yẹ ọ̀mùnú rẹ̀ wò, mo bá àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé níbẹ̀, tí wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu. Èèrà ń tò lọ tò bọ̀ lára igi náà nítorí omi dídùn tí àwọn kòkòrò yìí ń yà. Mo po ọṣẹ dúdú mọ́ omi, mo sì ń fi àkísà rírọ̀ nu abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ kí oòrùn tó mú. Kòkòrò tán, èèrà bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìrudi ń já. Ewé ìsàlẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Àkókò ọyẹ́ ni. Ilẹ̀ àyíká ti gbẹ táútáú. Mo ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò náà láti mọ̀ bóyá òùngbẹ ló ń pa á, ìka mi sì rì wọ inú ẹrẹ̀. Ó ń rùn bíi gọ́tà. Èmi kì í bomi rin ín lójoojúmọ́, àwa méjèèjì nìkan la sì wà nílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń wo ìta. Nígbà tí àsìkò Àílà tó, Màmá gbé kẹ́tù wọn, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n da omi tó ṣẹ́ kù sídìí róòsì, nítorí wọn kì í fi omi ṣòfò. Wọ́n wọlé lọ kírun. Wọ́n jáde, wọ́n jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n wo oòrùn, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn tí ọyẹ́ ti gbẹ, wọ́n dìde, wọ́n lọ bu omi sí kẹ́tù. Wọ́n tún ṣe àlùwàlá. Wọ́n tún da ìyókù sídìí róòsì. Wọ́n tún wọlé lọ kí Àílà kan náà. Kí Àlàásárì tó tó, wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀wà wà lórí itan mi, n kò lè dìde. Abẹ́ ewé ni mo ti ń wá kòkòrò kiri láti ọjọ́ yìí.

Àbúrò mi ọkùnrin wá láti Akóbọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Mo sọ fún un ní kíṣínì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá wọn ra fúláwà oníke. Ìyẹn kì í mumi yó."

N kò rẹ́rìn-ín. Òun náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ sọ fún wọn. Ẹni tó máa ń fi oníbàárà sílẹ̀ nídìí ọjà lọ kírun, wọ́n á fẹ́ mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe tún na ọwọ́ sí kẹ́tù, mo ní, "Màmá, ẹ ti kí Àílà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo rí yín, mà."

"Ìwọ tí mò ń fi pàṣán jí fún Àsùbáà. Ìwọ lo wá di lèmọ́mù mi."

Wọ́n gbé kẹ́tù sílẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù. Wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ṣé ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é?"

Mo ní kò pẹ́.

Láti ìgbà náà, wọn kì í dìde láìbéèrè lọ́wọ́ mi. "Ṣé mo ti kírun?" Bí mo bá lọ sọ́jà, mo máa ń padà bá wọn lórí àga, kẹ́tù tó kún fọ́fọ́ láàárín ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti kírun, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti má kí i. Oúnjẹ wọn dín kù. Ìdí róòsì gbẹ, ó yọ ewé tuntun, ó rudi, ìrudi kan sì là. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọn kò sì yíjú sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti kí Àílà lójú mi, wọ́n tún béèrè. Mo wo òdòdó kan ṣoṣo yẹn.

"Ẹ ò tíì kí i, Màmá. Àsìkò ti tó."

Wọ́n dìde kíá. "Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà ń ṣọ́ àsìkò ni."

Wọ́n bọ́jú, wọ́n wẹ ọwọ́ dé ìgùnpá, wọ́n fi omi pa orí, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, wọn kò ṣi ọ̀kankan. Wọ́n da ìyókù sídìí róòsì. Mo sọ fún ara mi pé èyí tó bá lé lórí ọ̀ranyàn á di àṣegbọrẹ.

Bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn nìyẹn títí róòsì náà fi kú. Igi rẹ̀ gbígbẹ ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Àbúrò mi ní kí n fà á tu, kí n da ìkòkò náà nù, nítorí ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì fà á tu. Bí mo bá da ìkòkò náà nù, n kò mọ ibi tí Màmá á máa da omi àlùwàlá wọn sí.