Ògiri Agbe

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Apọ̀dà fún yín, ẹni tó ń po ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn akunlé ti ń rajà. Obìnrin ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ̀ pé ẹyẹ lòun, agbe gan-an. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ta ló mọ inú ẹni ju ẹni lọ?

Akọ agbe, abo agbe, aró kan náà ni wọ́n wọ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó wu Apọ̀dà nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá ti wọ aṣọ pínńkì fún un pé obìnrin ni, ńṣe ló máa ń rìn bí ẹni wọ aṣọ aláṣọ. Nígbà tó dàgbà tó kọ́ṣẹ́, odidi ọdún kan ló fi wá aró tirẹ̀: á kán búlúù sí i, á kán dúdú sí i, títí tó fi bá ti agbe mu. Ó fi kun yàrá rẹ̀ nílé ìyá rẹ̀. Inú yàrá yẹn nìkan lara ti ń rọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló sọ ọ́ fún. Ìyẹn dì mọ́ ọn, ó ní, "Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Ọ̀rọ̀ yìí ti kú sí mi nínú." Ẹ gbọ́ ẹnu!

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ẹ̀gbọ́n yọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ fi pínńkì kun pálọ̀ òun, àmọ́ ògiri ibẹ̀ ṣú, ẹ̀rù sì ń ba òun kí àwọ̀ rẹ̀ má lọ yọjú lábẹ́ pínńkì. Tayọ̀tayọ̀ ni Apọ̀dà fi tú ọgbọ́n iṣẹ́ sílẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ fi funfun bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi pínńkì lé e. Kò ní yọjú mọ́ láéláé."

Ó po ọ̀dà náà kó ki, ó tún bá a gbé e dé ìta.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó tibi iṣẹ́ dé, òórùn ọ̀dà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá rẹ̀ ti di pínńkì látòkè délẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ó ń yin ẹ̀gbọ́n pé Ọlọ́run ló ní kó wá sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ yẹn fóun kó tó di wèrè. Ẹ̀gbọ́n ò lè wojú àbúrò.

"Nítorí ìfẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́," ló wí.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Apọ̀dà ò bá a jà. Ó sún mọ́ ògiri, ó ń fi èékánná ha á, bóyá aró díẹ̀ á yọjú. Ó ha á títí ìka rẹ̀ fi bẹ́jẹ̀. Funfun ló rí, ó sì tún kan funfun kejì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù.