Nígbà tí Tíṣà Wa Di Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́dọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kíláàsì kẹrin, ìṣirò ìdá fẹ́ gba kíláàsì mọ́ tíṣà wa lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bi wá pé èwo ló tóbi jù, ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ti mẹ́jọ la máa ń mú, ṣebí mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Ọ̀gá ilé ìwé ti kìlọ̀ pé bí a bá tún fìdí rẹmi ní ìparí táàmù, ẹlòmíràn ni yóò gba kíláàsì náà. Tíṣà wa sì ti lọ sí kọ́ọ̀sì àwọn olùkọ́ nígbà họlidé o. Gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́ sínú ìwé, ohun tí tíṣà wa mọ̀ dunjú tẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà wa yà sí ilé ìtẹ̀wé bàbá mi ní àdúgbò Bajulaiye, wọ́n ní kí bàbá mi kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ká bébà ìwé.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Rárá o, ọ̀gá. Mo mọ òfin ìdá lórí, ṣùgbọ́n n kò fojú rí i rí."

Bàbá mi fún wọn ní odindi bébà kan, ó ní kí etí bébà kan etí kejì, kí èékánná sì tẹ ibi tí ó ṣẹ́. Wọ́n kánjú, ó wọ́. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kan, ó di méjì; lẹ́ẹ̀mejì, ó di mẹ́rin; lẹ́ẹ̀mẹta, ó di mẹ́jọ. Bí iye ewé ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewé kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Tíṣà wò ó títí. Ọ̀sán mẹ́ta ni wọ́n fi wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé bébà tó bàjẹ́ nílé ìtẹ̀wé wá sí kíláàsì, kálukú wa ká tirẹ̀, wọ́n sì sọ fún wa pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ.

Ní ìparí táàmù, ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ wá bi wá. Kò sí ẹni tó ṣì í nínú wa. Inú ọ̀gá dùn débi pé ó ní kí gbogbo olùkọ́ lọ máa ká bébà lọ́dọ̀ bàbá mi.

Tíṣà wa ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ bi oníkálukú ní ohun tó ń dà á láàmú. Tíṣà kíláàsì kejì, ariwo ọmọ ni tiwọn. Bébà kíká kò lè pa ariwo."

Lónìí, mo ń rí àwọn olùkọ́ ní àdúgbò Fola Agoro tí wọ́n ń wá ẹ̀kọ́ tó bá kálukú mu lórí fóònù, inú mi a sì máa dùn. Àyè gbà wọ́n ju ti ayé ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, fóònù kò lè báni sọ pé "èyí kò yé mi." Àgbàlagbà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, lójú àwọn tó ń pè é ní tíṣà.